Ọjọ́ Ètùtù ní Òpópónà Victoire

Ní ìlú Paris, ní òpópónà Victoire, ni sínágọ́gù ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní 1874. Ìrọ̀lẹ́ Kol Nidre ni a wọ ibẹ̀, tàwa ti ìwọ̀nba lẹ́tà Hébérù tí a mọ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí ìwé àdúrà wọn. Hébérù wà lójú ewé kan, Faransé kọjú sí i. Ẹni tó bá gbájú mọ́ Faransé yóò rí ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìjọ yóò ti lọ jìnnà. Kol Nidre alára kì í ṣe Hébérù, Árámáíkì ni; ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kọ ọ́, nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti mọ́ wa létí. (Àwọn Ìmọ̀lé wa ní Àjàṣẹ́ kúkú mọ bí a ti ń gbàdúrà ní èdè tí a kì í fi ná ọjà.)

Ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni a ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ètò lẹ́tà ni ó tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n ti ń dé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ kan àyà jẹ́jẹ́. "Àwa" ni wọ́n sì ń wí, kì í ṣe "èmi".

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí àpótí Tórà sílẹ̀, ìjọ dìde nínú ààwẹ̀. Ìwo àgbò dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún pẹ́. Bàbá arúgbó tó ti ń fi ìka tọ́ka ìlà fún wa láti àárọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé, ó kí wa ní Faransé, ó sì wá omi lọ.