Ìlú Montgomery, Níbi tí Owó Ilé ti Di Ẹjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Montgomery, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Atlanta, kí ó sì wọ mọ́tò gba ọ̀nà gúúsù níhà ìwọ̀-oòrùn. Ìrìn nǹkan bí 160 máìlì ni. Ohun kan máa ń ya àlejò lẹ́nu: bí ó bá gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ó sì fi wákàtí méjì àbọ̀ rìn, aago mọ́kànlá àbọ̀ ni yóò bá ní Montgomery, nítorí pé aago ìlú náà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Atlanta. Nígbà tí mo débẹ̀, àbúrò mi obìnrin tó wá pàdé mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ti jèrè wákàtí kan kí ẹ tó jókòó.”

Ìlú náà kò tóbi tó Ìbàdàn rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju títóbi rẹ̀ lọ. Etí odò Alabama ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Odò yìí ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Selma kọjá, omi rẹ̀ sì ń lọ sí Mobile létí òkun, níbi tí ọkọ̀ Clotilda kó àwọn ẹrú tí wọ́n rà ní Ouidah dé sí ní ọdún 1860, nígbà tí òfin ti ka òwò ẹrú láti òkè òkun léèwọ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó ń sọ èdè wa wà nínú wọn. Ní Montgomery fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ń kó ẹrú wá sí ọjà. Láti etí odò, wọn a kó wọn gba òpópó Commerce gòkè wá sí àárín ìlú.

Bí ènìyàn bá rin òpópó náà dé òkè, yóò bá gbàgede Court Square, tí orísun omi kan wà láàrin rẹ̀. Ibẹ̀ ni Rosa Parks ti wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, tí ó sì kọ̀ láti dìde fún òyìnbó. Láti ibẹ̀ náà ni òpópó Dexter ti lọ tààrà sí ilé ìjọba ìpínlẹ̀ lórí òkè, níbi tí wọ́n ti búra fún Jefferson Davis ní 1861 láti ṣe olórí àwọn ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ jáwọ́ nínú ẹrú níní. Kí a tó dé ilé ìjọba yìí ni a óò rí ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì pupa tí Martin Luther King ti ṣe pásítọ̀ láti 1954 títí di 1960.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti gbọ́ ìtàn bọ́ọ̀sì. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó kan gbogbo ilé tí ọkọ àti aya ti jọ ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ìtàn owó ilé ni.

Níhà ìwọ̀-oòrùn ìlú ni ọgbà Maxwell ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú wà. Lórí ilẹ̀ náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright, àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò, ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ní 1910. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gíga. Rosa Parks ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yìí rí, ní àwọn ọdún 1940. Nínú ọgbà, òun àti òyìnbó jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà, wọn a sì jókòó síbi tó wù wọ́n. Bí ó bá ti jáde ní géètì tí ó wọ bọ́ọ̀sì ìgboro, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àyè tirẹ̀. Géètì kan ṣoṣo ló wà láàrin iyì àti ìtìjú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, inú géètì yìí kan náà ni ìrẹ́jẹ mìíràn ti yọjú, kì í ṣe nítorí àwọ̀, nítorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin ni.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sharron Frontiero wà ní Maxwell nígbà náà, ipò lẹ́fútẹ́náǹtì ló wà. Ilé ìwòsàn ọgbà náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn tí iṣan tàbí eegun ń yọ lẹ́nu. Ní 1969, ó fẹ́ Joseph, ọkùnrin kan tó ti ṣe iṣẹ́ ogun rí, tó sì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Montgomery. Sharron rí i pé àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ òun tó ti gbéyàwó ń gba owó ilé kún owó oṣù wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ìyàwó wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ara wọn kò bá yá. Nígbà tí tirẹ̀ kò yọ, ó rò pé akọ̀wé owó ló gbàgbé. Akọ̀wé kò gbàgbé. Òfin ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí òfin náà ti lọ. Bí ọkùnrin ọmọ ogun bá gbéyàwó, ìjọba gbà láìbéèrè pé òun ló ń bọ́ ìyàwó náà, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó ń pawó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin ọmọ ogun bá lọ́kọ, àfi kí ó fi ẹ̀rí hàn pé òun ń gbọ́ ju ìdajì bùkátà ọkọ òun lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bùkátà Joseph tó nǹkan bí 354 dọ́là lóṣù. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 177. Joseph sì ń gba 205 dọ́là lóṣù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti sin ìjọba nínú iṣẹ́ ogun. Ohun tó kù fún ìyàwó rẹ̀ láti gbọ́ jẹ́ 149 dọ́là, kò sì tó ìdajì. Nítorí nǹkan bí dọ́là 28, wọ́n ní Sharron kò ní ẹbí. Bí ó bá jẹ́ Joseph ló wà nínú iṣẹ́ ogun, tí Sharron ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnikẹ́ni kì bá ti béèrè ìṣirò kankan.

Sharron àti ọkọ rẹ̀ kò dákẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò Montgomery, Joseph Levin àti Morris Dees, bá wọn gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ nínú ìlú náà. Ní 1972, adájọ́ mẹ́ta gbọ́ ọ. Méjì dá wọn lẹ́bi, Frank Johnson nìkan ló takò wọ́n. Johnson yìí wà lára àwọn adájọ́ tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Montgomery ní 1956, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ilé ẹjọ́ náà lónìí. Ẹjọ́ náà gòkè lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Washington. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1973, obìnrin agbẹjọ́rò kan, Ruth Bader Ginsburg, dìde láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn adájọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Òun náà padà di ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún náà, mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án dá Sharron láre. Láti ọjọ́ náà, obìnrin ọmọ ogun àti ọkùnrin ọmọ ogun di ọgba nínú ìwé owó.

Báwo ni nǹkan ṣe wá rí lónìí? Mo bi àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀, nítorí ọmọ ogun òfuurufú ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní láti 1998 ni ìjọba ti pa owó ilé ayé àtijọ́ méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn ọ́n: ipò ènìyàn, ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ó ní ẹni tó ń bọ́ tàbí kò ní. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ó lè bá owó ilé àti owó iná àti omi ìlú náà mu. Bí owó ilé bá wálẹ̀ nínú ìlú, wọn kì í gé ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó orí ìjọba àpapọ̀ kì í kàn án. Ṣùgbọ́n kì í gbé gbogbo ẹrù mọ́: láti 2019, ohun tó ń san jẹ́ nǹkan bí 95 nínú 100 owó tí ilé ń gbà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ìyókù di ti ọmọ ogun. Ẹni tó bá sì ń gbé ilé ìjọba nínú bárékè kò tún ní gba owó ilé sápò.

Mo béèrè pé, “Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́, ṣé ìlọ́po méjì lẹ ń gbà?” Àbúrò mi ní, “Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Kí a tó bímọ, iye tí wọ́n ń san fún àpọ́n ni wọ́n ń san fún olúkúlùkù wa. Nígbà tí a bímọ, ẹnì kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti ọlọ́mọ, ẹnì kejì sì dúró sí ti àpọ́n. Ọmọ kan ò lè fún èèyàn méjì ní owó ọlọ́mọ. Bí a bá sì bí mẹ́wàá, bákan náà ni owó náà yóò ṣe rí.” Ọkọ rẹ̀ fi kún un pé owó oúnjẹ náà wà, àmọ́ ti ọmọ ogun nìkan ni, kì í ṣe ti ìyàwó àti ọmọ. Bí iṣẹ́ bá gbé ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, owó ìyapa wà fún un. Wọ́n máa ń gbìyànjú láti gbé tọkọtaya ọmọ ogun sí ìlú kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìlérí. Iṣẹ́ ogun ló ṣáájú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí fún wa. Láàrin 2009 sí 2016, ìjọba Amẹ́ríkà gba àwọn àlejò tí ìwé ìgbélùú wọn pé sínú iṣẹ́ ogun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè náà. Bẹ́ẹ̀ ni èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ABD ṣe di ohun tí àwọn kan fi rí iṣẹ́, tí wọ́n sì fi di ọmọ ilẹ̀ náà.

Ibi tí oyin bá wà, eèrà kò ní jìnnà. Nígbà ogun, ní 1942, òfin kan fún ìyàwó ọmọ ogun ní 50 dọ́là lóṣù: 22 láti inú owó ọkọ, 28 láti ọwọ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin kan fi ń fẹ́ sójà méjì, mẹ́ta, kí wọ́n lè kó owó wọn jọ. Lónìí náà, àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò fẹ́ gbé bárékè máa ń fi ìwé lásán gbéyàwó nítorí owó ilé, láìjọ gbé pọ̀ ní ọjọ́ kan. Bí àṣírí bá tú, ilé ẹjọ́ ológun ń dúró dè wọ́n: wọn a san owó padà, wọn a pàdánù iṣẹ́, àwọn mìíràn a sì ṣẹ̀wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó náà ti wúlò jù ni ibi tí kò sí ẹni tó ń gbàdúrà láti dé. Bí ọmọ ogun bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ lè wà nínú ilé ìjọba náà fún 365 ọjọ́ gbáko, tàbí kí wọ́n gba owó ilé fún ọjọ́ tó bá kù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí opó tí wọ́n ń lé jáde kí òkú ọkọ rẹ̀ tó tutù yóò mọ ohun tí ọdún kan jẹ́. Bí kì í bá ṣe ẹjọ́ Sharron, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó wọn kú sínú iṣẹ́ ogun ni ìwé ìjọba kì bá má kà sí ẹbí rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà, ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó tí obìnrin ń pa jẹ́ owó ata lásán. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń dúró lórí rẹ̀, tí onílé kò jẹ́wọ́. Bí owó oṣù yín bá dín, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ sì ka ìwé òfin tí ó ń tẹ̀lé pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ni, yóò tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ òfin ni, ẹ rántí pé ènìyàn ló kọ òfin, ènìyàn náà ló sì ń tún un kọ.