Ọpọ́n Kò Tán Nílẹ̀, Òǹwòran Ni Ó Tán

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ènìyàn méjì kì í dá ayò ta. Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹni tí ó kọ́ nípa ayò láti inú ìwé lẹ́nu, nítorí ohun tí ìwé ń wí ni pé ènìyàn méjì péré ni ó ń ta á. Ìwé kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ojúde àwọn agboolé Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjàaba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Bẹyẹrúnká, yóò mọ̀ pé ó ku ibì kan tí ìwé kò sọ dé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Bẹyẹrúnká, bàbá arúgbó kan wà tí ó máa ń gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ síta ní ọ̀sán. Bí ó bá ti kírun tán tí ó sì ti fi nǹkan panu, yóò fi àkísà nu ọpọ́n náà, yóò ka ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, yóò sì jókòó tì í. Nígbà kan rí, àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń pàdé níbẹ̀, láìka àwọn tí ó ń wá wòran. Ọlọ́jọ́ ti dé bá mẹ́ta nínú wọn. Ọ̀kan ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ojú ọ̀kan kò ríran mọ́ débi tí yóò fi mọ ọmọ ayò méjì yàtọ̀ sí mẹ́ta nínú ihò. Bàbá yìí ni ẹni kẹfà.

Ayò kò ṣòro í kọ́. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọpọ́n rẹ̀; ihò 12 ni ó sì ní, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan báyìí, tí ó le bí òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ẹni tí ó kàn láti ta yóò kó gbogbo ọmọ tí ó wà nínú ihò kan ní apá tirẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sí àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹnì kejì, tí ó sì sọ ọmọ inú rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ẹni tí wọ́n bá ń pa ni ọ̀pẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní òwúrọ̀ lè ta á ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò di ọ̀ta yóò ti jẹ ìyà ọ̀pẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Níbo wá ni wọ́n ti ń jẹ ìyà náà? Ní gbangba ni. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ní ilé nígboro, ó sì ní abà lóko. Bí wọ́n bá ti oko dé fún ọdún tàbí fún ìnáwó, ojú ọpọ́n ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bí ènìyàn méjì bá jókòó sí ìdí ọpọ́n, mẹ́wàá lè yí wọn ká. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń fi ojú ka ọmọ ayò, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń gbè sẹ́yìn ọ̀ta, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó máa fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Yóò kí wọn pé, “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀.” Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó sì wà: “Ọ̀ta ní í jẹ́, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn.” Ọ̀ta ni yóò dáhùn, ọ̀pẹ̀ yóò gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé ro ìtumọ̀ èyí wò láwùjọ tí ọmọdé ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń ta ayò pẹ̀lú mọ́gàjí agboolé tí ó sì ń pa á, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ọ̀ta, mọ́gàjí sì di ọ̀pẹ̀ títí ọpọ́n yóò fi tán. Ó lè wí fún un lójú gbogbo ayé pé, “Bàbá, iná mà ti wà lórí òrùlé yín, ẹ sì ń sùn!” Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ náà sì ta, síbẹ̀ “yín” àti “ẹ” kò kúrò nínú rẹ̀. Mọ́gàjí kò ní bínú, nítorí ẹni tí ó bá bínú nídìí ayò ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Òwe ni yóò fi dá a lóhùn, bí ọmọ náà kò bá sì mọ òwe ọ̀hún tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, nítorí òun gan-an ni wọ́n pa á lé lórí. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kọ́ ìjìnlẹ̀ èdè nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sí ojú pátákó fún wọn.

Báwo ni irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ṣe wá ń tán lọ? Kò sí ọjọ́ kan tí ènìyàn lè nawọ́ sí pé ọjọ́ náà ni ó tán. Ní ọdún 1959, Ìbàdàn ni wọ́n ti fi tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́lẹ̀. Nígbà tí ó sì yá, ojú tí ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí padà sínú pálọ̀. Ilé ìwé gba àwọn ọmọdé ní ọ̀sán. Àwọn ọmọ agboolé kọ́ ilé sí Bódìjà àti Àkóbọ̀, wọ́n sì ń padà wálé ní ọjọ́ ọdún nìkan. Dráàfù gba àwọn mìíràn. Ní ọdún 2001, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹni kò sì dúró de ojú ọpọ́n mọ́ kí ó tó di gbígbọ́. Ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dìde láti pa ayò. Ńṣe ni wọ́n ń kó òǹwòran lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń pín ọmọ ayò láti inú odù ńlá, títí ojú fi là tí ihò ti ṣófo.

Kò tọ́ láti wí pé èwe ìwòyí kò fẹ́ràn eré. Ẹni tí ó bá kọjá níwájú ilé ìwòran ní Bẹẹrẹ, ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù bá ń gbá, yóò gbọ́ yẹ̀yẹ́ àti àdàpè orúkọ tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ohun kan ni ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀: arúgbó. Ẹgbẹ́ ni ó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ojú ọpọ́n ayò sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ọwọ́ méjèèjì ti máa ń pàdé.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ayò fúnra rẹ̀ kò ṣe aláìní iyì. Ní ọdún 1977, A. O. Odeleye tẹ odidi ìwé jáde lórí rẹ̀. Ó wà lára àwọn eré tí wọ́n ti fi díje níbi ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ará Gánà ń ta irú rẹ̀ ní oware. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú la òkun kọjá gbé e dé erékùṣù Antigua, wọ́n sì ń ta á níbẹ̀ di òní. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ méjì ní yunifásítì Vrije Universiteit ní Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ipò tí eré náà lè dé. Iye rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ọ̀tún àti òsì kò bá ṣe àṣìṣe rárá, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Ọmọ-ọmọ bàbá Bẹyẹrúnká ni ó sọ èyí fún un nígbà tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ń ta ayò lórí fóònù, ẹ̀rọ ni ó sì ń bá ta á. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ni kò ní ṣe àṣìṣe nígbà tí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?” Lẹ́yìn náà ni ó na ìka sí fóònù. “Nígbà tí o pa á yẹn, ta ni ó rí ọ?”

“Kò sí o, bàbá.”

“Kò wá yé mi bí o ṣe pa á.”

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sí ìdí ọpọ́n. Ó mọ ìṣirò. Ẹ̀rọ ti kọ́ ọ dáadáa. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bàbá, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Bàbá gbójú sókè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí ń retí ohùn kan. Ọkọ̀ Micra àti ọ̀kadà nìkan ni ó ń kọjá lọ sí ọ̀nà Ọjàaba. Ìgbà náà ni obìnrin kan tí ó ru igbá ọjà rẹ̀ dúró níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó sì wí pé, “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀ o!”

Bàbá la ẹnu láti dáhùn, bí ó ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ. Ó sì rántí pé lọ́jọ́ náà ọ̀rọ̀ kò kan òun. Ó dákẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wò ó. Ọmọ náà ti kọ ìdáhùn yẹn rí nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì kí i rí tí yóò fi jẹ́ ẹ. Ó rọra wí pé, “Ọ̀ta ní í jẹ́, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn.”

Ẹ̀rín pa bàbá títí tí ó fi ń wúkọ́. Obìnrin náà sọ igbá kalẹ̀. Ó bá wọn wòran díẹ̀, ó fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀, ó sì bá ọjà rẹ̀ lọ. Wọ́n ta ẹ̀ẹ̀kejì. Bàbá ni ó pa á.

Ìsinmi parí, ọmọ náà padà sí ilé ìwé. Ọpọ́n ṣì ń jáde ní ọ̀sán. Nígbà mìíràn, ẹnì kan a dúró, nígbà mìíràn, kò sí ẹni tí yóò dúró.

Olùkọ́ tí ó bá ka ìtàn yìí lè wí pé kò sí owó tí òun yóò fi ra ọpọ́n fún ogójì akẹ́kọ̀ọ́. Kò nílò rẹ̀. Ọpọ́n kan tó kíláàsì kan. Kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì jókòó sí ìdí rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn 38 yòókù yí wọn ká. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó pe àgbàlagbà kan láti àdúgbò wá bá èyí tí ó bá borí ta á. Kí ó má bá wọn wí bí wọ́n bá pariwo. Ariwo náà gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.