Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ lọ wo Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, fóònù mi ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Mo jẹ́ kí ó gba iná mọ́jú, mo sì pa àwọn àwòrán àtijọ́ inú rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gba tuntun. N kò ronú kan ohun tí n ó bá Ọ̀ṣun sọ.

Oṣù Kẹjọ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, ọ̀nà tí ó ti ààfin Àtáọ́ja lọ sí Igbó Ọ̀ṣun kún fọ́fọ́. Àsíá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń polówó ọjà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí àgọ́. Nígbà tí ó yá, ìlù le sí i, àwọn ọ̀dọ́ ń la ọ̀nà: Arugbá ń bọ̀. Wúńdíá láti ìdílé ọba ni. Igbá ẹbọ ìlú, tí wọ́n fi aṣọ bò, ni ó rù. Bí ó bá ń kọjá, oníkálukú a máa gbàdúrà kí igbá náà bá òun gbé ìṣòro òun lọ sódò. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ kí ó kọsẹ̀.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ti kún òkè, ṣùgbọ́n fóònù ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Èmi náà na tèmi sókè. Inú fóònù yẹn ni mo ti rí Arugbá, kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, ó sì kọjá. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó kúnlẹ̀ nítòsí mi gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo bá a sọ?" N kò rí èsì fọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, obìnrin kan tí ó ti Bùràsíìlì wá wọ aṣọ funfun, ó doríkodò, omijé ń dà lójú rẹ̀. Òun ré òkun kọjá. Èmi wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn. Síbẹ̀, èmi gan-an ni àlejò.

N kò sọ pé kí arìnrìn-àjò má wá. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ń gé igi igbó yìí, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀, kí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tó dìde láti dáàbò bò ó. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Igbó náà, tí ó tó hẹ́kítà 75, ṣì dúró létí ìlú lónìí. Ojú ayé tí ó wà lára rẹ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n fi kọ́lé.

Àmọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọdún yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá. Àgọ́ àti ìpolówó kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún, tàbí ní ọjọ́ Ìbọríadé, tí wọ́n ń bọ adé àwọn ọba àná. Ohun tí ó bá kamẹ́rà mu ni owó ń tẹ̀lé; èyí tí kò bá a mu yóò kù sọ́wọ́ àwọn àgbà díẹ̀. Àwọn baba wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Bí a bá kó àwòrán wa lọ tán, àwọn olórìṣà Òṣogbo ni yóò san gbèsè ààtò tí a sọ di eré ìwòran.

Mo padà lọ ní ọdún kejì. Mo tètè dé, mo bá wọn jókòó ti iná náà. Ní ọjọ́ àṣekágbá, fóònù mi wà nínú àpò. Nígbà tí Arugbá ń kọjá, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀.

N kò ní àwòrán kankan tí n ó fi hàn yín.