Oṣù Mẹ́ta ní Orí Òkè Jos

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń bi wá lọ́dọọdún bí oṣù Kejì bá ti ń sún mọ́lé. Wọn a ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ tún ń lọ sí Jos náà ni?" Àwọn kan ń fi ẹ̀rín béèrè rẹ̀. Àwọn mìíràn ń béèrè rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí wa ṣì pé. Olóòtú ìwé yìí náà ti bi wá, ó sì ní kí a kúkú kọ ìdáhùn wa sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè kà á.

Ìyàwó wa jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwa sì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, títí di 2021 tí àwa méjèèjì fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún 35. Iṣẹ́ Olúwa ni a kò fẹ̀yìntì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ ti fi pásítọ̀ mìíràn tí ara rẹ̀ ṣì le sí ipò wa, iṣẹ́ tiwa ní báyìí sì ni kí a máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹni tí ó bá ń sọ pé a fi agbo àgùntàn sílẹ̀ sá gun orí òkè, kò wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ibeshe mọ̀ pé ọ̀sà ni ó wà lẹ́bàá wa. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ a máa tura nírọ̀lẹ́, ẹja rẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì títí di ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin a pàdé nínú yàrá ẹni, wọn a sì kọ̀ láti jáde. Ní òru, ooru a máa wà ní ìwọ̀n 26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí epo inú jẹnẹrétọ̀ sì tán, fáànù á dúró, oorun á sì parí nìyẹn. Ìyàwó wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù Kẹta 2021, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó dìde láti lọ bu omi mu, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. A pè é, kò dáhùn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jí kí ọkọ̀ tó dé. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ yí oògùn rẹ̀ padà, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbàgbé: ó ní kì í ṣe oògùn nìkan ni obìnrin yìí nílò, oorun ni. Ó ní ẹni tí kò bá rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, oògùn lè máa ṣe wàhálà lásán lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti rántí Jos. Ní 1993, nígbà tí a ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n kó wa lọ síbẹ̀ fún ìpàdé ọlọ́jọ́ mélòó kan. Oṣù Kẹrin ni, gbogbo Èkó ń làágùn, ṣùgbọ́n àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Kò sí idán kan níbẹ̀. Jos wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó fi bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Bí ènìyàn bá gòkè ní 1,000 mítà, ooru a máa fi bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 dínkù. Oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹta ní Jos náà a máa ta gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù a sọ̀ kalẹ̀, ìwọ̀n ooru a sì wá sí 17 tàbí 18, ènìyàn a sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tún gbẹ, kò rin bí ti etí ọ̀sà.

Àwọn òyìnbó ti mọ àṣírí yìí ṣáájú wa. Kùsà tin ni ó kọ́kọ́ gbé wọn débẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Wọ́n la ọ̀nà reluwé kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, ọ̀nà reluwé ńlá tí ó gba Kafanchan kọjá sì dé Jos ní 1927. Bí wọ́n ti ń wa kùsà tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ń wá sinmi níbẹ̀ kúrò nínú ooru. Àwọn míṣọ́nnárì náà kò gbẹ́yìn. Ẹ rántí pé ní oṣù Kejìlá 1893 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó láti mú ìhìnrere lọ sí àríwá. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Bingham nìkan ni ó ṣẹ́kù, òun ni ó sì wá gbé ẹgbẹ́ SIM ró. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé ìsinmi sí Miango, nítòsí Jos, fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n sì sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn níbẹ̀ ní orúkọ Kent. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé afẹ́ ayé ni kí òṣìṣẹ́ Ọlọ́run lọ sinmi lórí òkè, a máa ń fẹ́ kí ó ka ìtàn àwọn tí kò rí ibi sinmi.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Sagamu ni a máa ń gbà jáde. Láti ibẹ̀ a ó gba Ọ̀rẹ̀, Benin, Okene àti Lokoja dé Abuja. A kì í rin ìrìn òru, nítorí ewu àwọn ajínigbé. A ó sùn ní Abuja, a ó sì gba Keffi àti Akwanga lọ ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn Akwanga ni ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun Hawan Kibo. Ọ̀nà náà dà bí ejò tí ó lọ́ mọ́ ara òkè. Ibẹ̀ ni etí ènìyàn a ti máa dí, àwọn èrò ọkọ̀ a sì máa tú suwẹ́tà jáde nínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ayé àtijọ́, reluwé ni ó ń gbé àwọn ènìyàn wa láti Èkó dé ibẹ̀. Kò sí mọ́.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni a ń háyà, ní àgbègbè yunifásítì. Jos jẹ́ ìlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1971 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá dúró ní 1975. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run wà ní Bukuru láti 1959, ECWA náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Jos ní 1980. Fún irú àwa tí a fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ kàwé Bíbélì, ó jẹ́ adùn ńlá láti jókòó sí àárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń jiyàn lórí ìwé Róòmù láìṣe pé ẹnikẹ́ni ń wo aago. A tún máa ń lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1952, níbi tí àwọn orí amọ̀ Nok wà. Ó lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti mọ wọ́n, àwọn awakùsà ni ó sì hú wọn jáde.

Ọdún tí a kọ́kọ́ lọ, 2022, a kò bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù Kẹwàá ni wọ́n sì tó padà. Àgbàlá dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Ìgbà yẹn ni a wá rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ìlú náà ń jẹ, láti orí ẹni tó ń dín àkàrà dé orí ẹni tí ó ní ilé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n kún ibẹ̀ padà, wọ́n sì sọ wá di "Mummy" àti "Daddy" kí a tó tú ẹrù tán. Ìyàwó wa kò lè rí ọmọ tí kò jẹun kó dákẹ́. Ànàmọ́ òyìnbó, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì pọ̀ lọ́jà, ó sì ti kọ́ bí a ti ń fi acha se oúnjẹ. Ẹja gbígbẹ láti Ibeshe ni àwa ń gbé lọ, ànàmọ́ òyìnbó ni a ń gbé bọ̀. Ẹ má ṣe rò pé owó ìfẹ̀yìntì wa pọ̀ o. Ohun tí à bá fi ra epo jẹnẹrétọ̀ fún oṣù mẹ́ta ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ilé náà.

Ìyá onílé wa jẹ́ ọmọ Yorùbá. Bàbá rẹ̀ wọ reluwé láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò nígbà tí kùsà ṣì ń lọ dáadáa. Jos ni wọ́n bí màmá náà sí, Háúsá sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Nígbà rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án 2001, wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kó ìyókù ọjà rẹ̀ lọ sí ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Terminus; ní oṣù Kejì 2002, ọjà yẹn náà jóná. Ìjà tún ṣẹlẹ̀ ní 2008 àti 2010, bọ́ǹbù sì bú ní àdúgbò Terminus yẹn kan náà ní oṣù Karùn-ún 2014, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. A bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò padà sílé?"

Ó wò wá títí. Ó ní, "Pásítọ̀, ilé wo? Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọn a ní àlejò Jos ti dé. Níhìn-ín, wọ́n ní Yorùbá ni mí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti sàréè ọkọ mi."

A kò rí èsì fún un. Títí di òní, a kò tíì rí i.

Àwọn ọmọ wa kò fẹ́ ìrìn àjò yìí rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ènìyàn ní abúlé Bokkos àti Barkin Ladi ní àsìkò Kérésìmesì 2023, ọmọbìnrin wa tẹ̀ wá láago láti Ìbàdàn, ó ń sunkún. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo bẹ̀ yín. Mà á ra ẹ̀rọ amúlétutù fún Mọ́mì." Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó ní, "Ìwọ á tún máa ra iná tí yóò lò?" A dúró ní ọdún náà títí ó fi di oṣù Kẹta, a sì ń pe ìyá onílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí a tó gbéra. A kò lè parọ́ fún yín pé ẹ̀rù kì í bà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbé ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀ lóru mọ̀ pé ewu wà ní Ibeshe náà.

Ìwé Mímọ́ fi arúgbó méjì hàn wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti ń rò wọ́n láti ìgbà pípẹ́. Kálẹ́bù jẹ́ ẹni ọdún 85 nígbà tí ó ní kí Jóṣúà fún òun ní ilẹ̀ olókè Hébúrónì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òmìrán ń gbé ibẹ̀. Básíláì ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni 80 ọdún. Ọba Dáfídì fẹ́ mú un lọ sí Jerúsálẹ́mù láti máa tọ́jú rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun padà lọ kú sí ìlú òun, nítòsí ibojì bàbá àti ìyá òun. Ọlọ́run kò bá ọ̀kankan nínú wọn wí.

Kálẹ́bù ni ìyàwó wa. Básíláì ni màmá wa tí ó bí wa. Ẹni ọdún 86 ni wọ́n, ilé kan náà ni a sì jọ ń gbé. Ìgbà mẹ́ta ni a ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa lọ. Wọ́n ní òtútù kò yẹ egungun àgbà, àti pé ta ni yóò máa kí àwọn apẹja láàárọ̀ bí àwọn bá lọ. Àbúrò wa obìnrin ni ó ń wá bá wọn gbé ní oṣù mẹ́ta náà, ó sì ń tọ́jú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹjọ tó kọjá, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà mọ́, wọ́n sì máa ń pe orúkọ wa lóru láti mọ̀ bóyá a wà nítòsí.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè ọdún yìí rèé. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì ni ìyàwó wa yóò lọ, ọmọbìnrin wa tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ Jos rárá ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ láti sìn ín débẹ̀, ìyá onílé sì ti ní òun ti sá bùláńkẹ́ẹ̀tì sóòrùn. Àwa yóò sìn wọ́n dé gáréèjì ní Ìkòròdú pẹ̀lú ẹja gbígbẹ wọn, a ó sì padà sílé lọ bá màmá.