Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Jáde Wá Wo Bọ́ọ̀lù Tẹ́nikẹ́ni Kì Í Ka Àmì Ẹ̀

Tó bá ti di oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, táwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì àti poli bá ti wálé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ tẹ́nikẹ́ni kì í sanwó ẹ̀ fún mi. Mo máa ń gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, màá sì jókòó máa wo àwọn ọmọ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Kì í ṣe ìdíje o. Kò sí rẹfirí, kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó ń kọ àmì sílẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá á pín ara wọn sí méjì, àwọn apá kan á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn ló wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ní táwọn bá fi oṣù méjì jókòó lásán, ara àwọn á ti wúwo kí wọ́n tó wọlé padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlàjẹ dáadáa, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Láti Aráròmí dé Ayétòrò, iyanrìn àti omi ló pọ̀ jù. Bọ́ọ̀lù téèyàn bá sì sọ mọ́ iyanrìn kì í ta sókè, ṣe ló máa jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tó ń bínú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ làwọn ọmọ etí òkun mọ̀ jù. Ní Ayétòrò, táwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, ilẹ̀ tó kù tọ́mọdé lè sáré lórí ẹ̀ ò sì tó nǹkan mọ́. Èyí tó bá fẹ́ gbá básíkẹ́ẹ̀tì nínú wọn, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀ wá sí Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan. Tí ọmọ bá lè wọkọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Màmá kan tó ń yan ẹja nítòsí pápá náà bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Nọ́ọ̀sì, kí lẹ tiẹ̀ ń wò níbẹ̀? Ṣé ẹni tí ò ríṣẹ́ ṣe kọ́ ló ń ṣerú eré yìí?” Mo sọ ìtàn Hakeem Olajuwon fún wọn. Ọmọ Yorùbá ni, Èkó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1963, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá míì tó yàtọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì ló sì kọ́kọ́ ń gbá. Lọ́dún 1980 ló lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Nígbà ìsinmi, kì í lọ sùn. Gbọ̀ngàn ìṣeré ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Fonde ló máa ń lọ, níbi tí òun àtàwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bíi Moses Malone ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí nínú ìwé kankan. Ìyà tí Malone fi jẹ ẹ́ níbẹ̀ ló sọ ọ́ di géńdé. Nígbà tó fi máa di 1994 àti 1995, òun ló gba ife-ẹ̀yẹ fún Houston Rockets. Màmá yìí mi orí, wọ́n ní, “Ẹni yẹn ga ni.” Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọbìnrin wa náà ga kí wọ́n tó gba Nàìjíríà dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, èyí tí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan, ì báà jẹ́ tọkùnrin tàbí tobìnrin, ò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àtidi olówó ni mo ṣe ń lọ jókòó. Ará àwọn ọmọ náà ni mò ń wò. Ẹni tó ti ń fẹnu mí kí eré tó gbóná, ẹni tí àyà ẹ̀ ń dún bíi fèrè, ẹni tó ń gbé ọwọ́ lé àyà, ẹni tó ń ṣa ẹsẹ̀ kan gbé. Nínú ilé, ẹ ò lè rí nǹkan wọ̀nyí, torí orí fóònù ni wọ́n wà.

Lọ́jọ́ 24, oṣù keje, ọdún 2023, irú ìgbáradì àsìkò ìsinmi bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń lọ lọ́wọ́ ní Yunifásítì Southern California ní Los Angeles. Ìdíje ò tí ì bẹ̀rẹ̀, kò sí òǹwòran tó sanwó. Bronny, ọmọ LeBron James tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ ọdún 18, ṣàdédé ṣubú lulẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀, wọ́n dìde sí i lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà sì yè. Àbùkù kan tí wọ́n bí mọ́ ọn ló wà lára ọkàn ẹ̀. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó ti padà sórí pápá. Ẹ̀yin àgbà náà ò jẹ́ gbàgbé Samuel Okwaraji tó ṣubú ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 25 péré. Òun ò dìde mọ́.

Ní pápá tiwa, kò sí dókítà ẹgbẹ́. Ẹni tó bá jókòó wòran ni dókítà.

Tọ́mọ bá ṣàdédé ṣubú, tẹ́ ẹ pè é tí kò dáhùn, tí kò mí tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ má wá omi tútù tẹ́ ẹ máa dà sí i lórí, ẹ má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kẹ́nì kan sáré lọ wá ọkọ̀. Kẹ́nì kejì kúnlẹ̀ tì í, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà ẹ̀, kó gbé ọwọ́ kejì lé e lórí, kó sì máa tẹ àyà náà wọlé tó íǹsì méjì, kíákíá, 100 sí 120 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá rẹ ẹni yẹn, kí ẹlòmíì gbà á. Ẹ má dúró títí ọmọ á fi mí tàbí tẹ́ ẹ máa fi dọ́dọ̀ àwọn tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi ìṣubú kejì wà, òun lèmi fojú ara mi rí. Ọmọ poli kan tó ga bí igi àgbọn ló fọwọ́ ti orúnkún nínú eré, ó wá rọra wó sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pariwo, “Ọ̀lẹ! Dìde!” Ọmọ náà fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ò gbà. Ó ní, “Màmá, ẹsẹ̀ mi wúwo bí àwọ̀n tó mu omi.” Ọmọ apẹja ni lóòótọ́. Mo tẹ itan ẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé iṣan ló fà, ì bá le bí igi, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sì já gaara. Mi ò jẹ́ kó dìde mọ́. A tẹ́ ẹ síbi ìbòòji, a ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀, mo sì pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, mo bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù ọmọ náà. Wọ́n ní AS ni, pé àwọn ti mọ̀ láti kékeré ẹ̀. Nígbà tí mo bi ọmọ fúnra ẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ṣe ni ìyá ẹ̀ ń fi í pa mọ́ de ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì máa béèrè kó tó gbéyàwó! A gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì bọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o. AS kì í ṣe àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní in ní Nàìjíríà, wọ́n sì lè ṣeré ìdárayá tó bá wù wọ́n. Eré sísá àsápajúdé láìsinmi, láìmumi, nínú ooru, lèwu ẹ̀. Ní Houston tí Olajuwon ti kàwé náà, ọmọ ọdún 19 kan, Dale Lloyd, tó wà ní Yunifásítì Rice, ṣubú nígbà ìgbáradì lọ́dún 2006, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni NCAA, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti 2010 sí í ní káwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wò. Tiwa kò tó ìyẹn lówó: ẹ ṣáà sọ ọ́ fọ́mọ yín. Létí omi níbí, afẹ́fẹ́ tutù, òógùn kì í tètè gbẹ lára, òógùn tí kò bá gbẹ kì í sì í mú ara tutù, bí oòrùn ò tiẹ̀ mú.

Ti ọrùn ẹsẹ̀ tó bá yí kì í ṣòro. Ẹ má fi omi gbígbóná àti róòbù wọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ṣe ló máa wú sí i. Yìnyín tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú ẹja ni kẹ́ ẹ fi aṣọ wé, kẹ́ ẹ gbé lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Tí kò bá lè fi gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó lọ ya fọ́tò eegun.

Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni ẹnìkejì mi nínú ìwòran. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, wọ́n máa ń lo oògùn wọn láàárọ̀, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á mú agboòrùn àti omi wọn dání. Àwọn nìkan ló ń ka àmì, wọ́n sì máa ń ṣojúsàájú. Mo rí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń rìn wá, ìgbésẹ̀ wọn já fáfá ju ti ìgbà tí wọ́n ń jókòó sílé lọ. Agboòrùn wọn la fi ṣíji bo ọmọ poli yẹn.

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń béèrè ẹni tí kírẹ́díìtì wà lórí fóònù ẹ̀ àti ẹni tí epo wà nínú ọ̀kadà ẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, màá lé àwọn ọmọ etí òkun lọ sídìí ọkọ̀, torí igi tó rì sómi kì í ṣeé rí nínú òkùnkùn. Wọ́n á máa kùn pé àwọn ò tí ì parí. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa pàdé wọn ní èbúté, kẹ́ ẹ tó gbé púpurú síwájú wọn, ẹ bi wọ́n ní àwọ̀ ìtọ̀ wọn. Tó bá ti dúdú bíi Coke, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ darí ọkọ̀ náà sí.