Ìwà Lẹwà Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí àkísà bá ti pọ̀ nílé, èwo ni ká rán, èwo ni ká fi nulẹ̀? Ìbéèrè yìí ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé kan ní Òkìtìpupa, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìparí ọdún 2023. Kì í ṣe ìjà ilẹ̀, kì í sì í ṣe ìjà orogún. Lọ́rì ni wọ́n ń jà sí.

Lọ́rì ọ̀hún kì í ṣe ọmọ àná. Mercedes 911 ni, èyí tí imú rẹ̀ yọ síwájú. Ọdún 1978 ni baálé ilé náà rà á, lẹ́yìn tó ti bá ẹlòmíràn wa ọkọ̀ títí ó fi rí owó kó jọ. Iwájú àti ṣásì nìkan ni wọ́n tà fún un. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà náà, káfíńtà ló kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrókò ni wọ́n fi ṣe òpó, pákó ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti pupa kùn ún, wọ́n sì kọ SÙÚRÙ LÉRÈ gàdàgbà síwájú orí rẹ̀. Irú ọkọ̀ onípákó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bọ́lẹ̀kájá, nítorí ẹnu kọ̀ńdọ́ àti èrò kì í gbófo nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, lọ́rì yìí ló ń kó gàrí, púpurú, epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti inú abúlé wá sọ́jà Òkìtìpupa, òun náà ló sì ń kó ẹja bọ̀ láti Igbókọ̀dá. Kò sí ìyá alágbàtà tí kò mọ fèrè rẹ̀. Bó bá ti fọn ọ́n ní ìdájí, ẹni tó ń sùn á dìde, á lọ dẹrù. Ọmọ mẹ́rin ló fowó rẹ̀ kàwé. Lọ́dún 1986, aláboyún kan bímọ sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìrèlè, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ni wọ́n sì sọ ọmọ náà. Nígbà tí bàbá olọ́kọ̀ kú lọ́dún 2009, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta gàrí gba ọkọ̀ náà, ó gba dírẹ́bà, iṣẹ́ ń lọ.

Àfi ìgbà tí òjò oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 dé. Lọ́rì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ẹrù kún un, obìnrin 11 sì jókòó sórí àpò gàrí. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ mọ́lẹ̀. Ó tún un tẹ̀, kò gbọ́. Ọkùnrin náà gbójú, ó yí ọkọ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Pákó ẹ̀gbẹ́ kan fọ́ yángá, àpò gàrí bẹ́, apá ìyá kan sì kán. Ẹnikẹ́ni kò kú. Gbogbo ọjà ń wí pé a dúpẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyá olọ́kọ̀ kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí ó mọ̀ pé ọpẹ́ kì í ṣe bíréèkì.

Ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ń ṣe wẹ́dà l'Ékòó, sáré wálé. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù, ká fowó rẹ̀ kún owó bọ́ọ̀sì."

Bàbá káfíńtà tó kan ẹ̀yìn lọ́rì náà lọ́dún 1978 ṣì wà láyé. Nígbà tó gbọ́, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé wọn. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó gbé ọ dé ilé ìwé lo fẹ́ tà fún ẹlẹ́rù irin yẹn? Igi tí mo fi ṣe òpó yìí, mélòó lo tún lè rí nínú igbó Ìkálẹ̀ lónìí?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ṣùgbọ́n ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹ wá wo rélùwéè tá à ń wọ̀ l'Ékòó báyìí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ lọ́rì ti di ọ̀rọ̀ rélùwéè nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin tí ọmọ náà ń wí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, láti Mile 2 dé Marina. Kìlómítà 13 ni, ibùdókọ̀ márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ẹ gbọ́ ná: kì í ṣe ọkọ̀ tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó wá sórí irin náà. Lọ́dún 2011, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ l'Ékòó kéde pé àwọn yóò ra ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ìlú Toronto ní Kánádà ti ń lò láti àwọn ọdún 1970, pé wọn yóò tún wọn ṣe kí wọ́n tó kó wọn wálé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ojú irin Toronto fẹ̀ ju irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ l'Ékòó lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6, bí ìbú ìka mẹ́ta báyìí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kun ọkọ̀ náà tó ń dán gbinrin, bí wọn kò bá tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, kò lè dúró lórí irin. Níkẹyìn, àwọn ọkọ̀ Toronto kò kó èrò kankan l'Ékòó. Ọkọ̀ tuntun láti Ṣáínà ló ń ná ibẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣẹ́ ẹ rí i? Èkó pàápàá fi àlòkù sílẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lórí fóònù, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má parọ́ mọ́ àlòkù. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ju lọ́rì bàbá wa lọ lọ́jọ́ orí."

Kò parọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1863, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Bakerloo. Ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà náà jẹ́ ti ọdún 1972. Wọ́n ti tún inú wọn ṣe ní àwọn ọdún 1990, ìjókòó tó kọjú síra wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó dà bí ìgbà tí ará ilé méjì bá jókòó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré. Ìfẹ́ kan, ìnira kan.

Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni ti Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ihò tí rélùwéè ń gbà kọjá níbẹ̀ rẹlẹ̀, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí Lọ́ńdọ̀nù ti lò gbó ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1938 ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2021! Èyí tó gbapò rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àlòkù Lọ́ńdọ̀nù náà ni, láti nǹkan bí ọdún 1980. Ara rẹ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe kò dípẹtà, wọ́n fi í sílẹ̀. Wáyà àti ẹ̀rọ tó ń gbé e rìn, wọ́n pààrọ̀ wọn. Àgbà ara, ọmọdé ikùn.

Bàbá káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ọmọ dáadáa! Ẹ gbọ́ bí?"

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò tíì parí. Ó ní, "Bàbá, ó ku ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ igi." Ó wá sọ ti ibùdókọ̀ King's Cross. Àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, tó ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀ nísàlẹ̀, igi ni wọ́n fi ṣe é. Ó lẹ́wà, ó ti pẹ́, ojú àwọn èèyàn ti mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1987, ìṣáná jábọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí gírísì àti ìdọ̀tí ti kóra jọ. Iná sọ. Èèyàn 31 ló bá a lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yọ àtẹ̀gùn onígi kúrò lábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tó kù gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà wọn, ní ibùdókọ̀ Greenford, sì kúrò lọ́dún 2014. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé igi kò lẹ́wà. Wọ́n ní ibi tí èèyàn ń gbà sá àsálà kọ́ la ń fi igi ṣe.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá káfíńtà wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Igi kò jẹ̀bi. Ibi tí wọ́n fi í sí ló jẹ̀bi. Wẹ́dà, ṣé o lè fi irin ṣe egungun sínú pákó mi?" Ọmọ náà ní òun lè ṣe é.

Ìyá olọ́kọ̀ tó ti ń gbọ́ láti òwúrọ̀ ló dájọ́. Ó ní kí wọ́n to gbogbo ohun tó wà lára lọ́rì náà sọ́nà méjì: èyí tí àwọn èèyàn fi ń dá a mọ̀, àti èyí tó lè pa èèyàn. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n má dá ti ìkejì sí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ọkọ òun ló fi í síbẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Mẹkáníìkì tú bíréèkì palẹ̀, ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ àti páìpù tó ń gbé epo lọ síbẹ̀. Wọ́n ra táyà tuntun. Wáyà iná tí eku ti jẹ, wọ́n fà á dànù. Wẹ́dà jó irin mọ́ irin láti ṣásì dé òkè, káfíńtà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì da pákó tó ṣì le bo irin náà. Èyí tó ti jẹrà, wọ́n dáná fi í se ẹ̀wà fáwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n fọ pákó SÙÚRÙ LÉRÈ, wọ́n tún un kọ bó ti wà. Fèrè ńkọ́? Fèrè náà ni. Wọ́n so iná-pipa mọ́ ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Owó àjọ ọdún kan gbáko àti ilẹ̀ kan tí ìyá náà fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Ibi tó le kò tíì dé. Nígbà tí lọ́rì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn ìyá alágbàtà yọ̀, wọ́n ń gbé ẹrù lé e, wọ́n sì fẹ́ máa gun orí ẹrù bí wọ́n ti ń ṣe. Dírẹ́bà ní rárá o. Ẹrù nìkan ni. Yàtọ̀ sí òun, ẹni méjì péré ló lè jókòó níwájú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì. Ariwo sọ. Ṣé kí wọ́n gbé ẹrù síbì kan, kí wọ́n tún lọ sanwó ọ̀kadà? Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọjà lọ bá ìyá olọ́kọ̀, ó ní, "Ìyá wa, ṣé ẹrù wa wá níyì jù wá lọ ni?"

Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Gàrí tó bá dà sílẹ̀, ẹ ó tún òmíràn yan. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Àwọn kan gbà. Àwọn kan bínú, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sínú lọ́rì mìíràn tó ṣì ń kó èèyàn sórí ẹrù. Owó tí ìyá náà ń rí lórí èrò kò sí mọ́, ìyẹn kò sì pa dà. Nígbà tí òjò ọdún 2024 dé, tí àpò gàrí kò rin mọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn tó lọ pa dà wá. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ìyá tí apá rẹ̀ kán ló kọ́kọ́ pa dà.

Ẹ̀yin olùkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí lọ́rì àti rélùwéè. Télọ̀ tó jogún Singer lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, alátàá tí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kò ní ìbòrí lára bẹ́líìtì, afárùn tí wáyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti hó, ẹ wo ohun ọwọ́ yín dáadáa. Bó bá ti gbó, kì í ṣe dandan ni ká jù ú nù, ẹni tó ń ju àtijọ́ nù lójoojúmọ́ yóò máa jẹ gbèsè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ìfẹ́ má fọ́ wa lójú. Ẹ bi ara yín: kí làwọn oníbàárà fi mọ̀ mí lára nǹkan yìí? Kí ló lè ṣe èmi tàbí ọmọ ọlọ́mọ léṣe níbẹ̀? Ẹ tọ́jú èyí àkọ́kọ́. Ẹ wá owó èyí ìkejì lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la.

Yorùbá ní ìwà lẹwà. Ọ̀dà pupa àti ewé, fèrè ìdájí, orúkọ iwájú orí, ojú ni gbogbo wọn jẹ́ fún ọkọ̀. Ìwà rẹ̀ ni pé bí dírẹ́bà bá ní kó dúró, kó dúró.