Òkè Wo Ni Kí A Lọ Ní Ìgbà Ọyẹ́?

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún. Ètè a là, ẹsẹ̀ a funfun, àwọn ọmọ a sì máa sá fún omi ìwẹ̀ àárọ̀. Ìgbà náà gan-an ni ilé-ìwé máa ń gba ìsinmi Kérésìmesì, tí olúkúlùkù sì ń béèrè pé, “Níbo ni a ó lọ?” Ní ìlú òyìnbó, orí òkè tí yìnyín bò ni ọ̀pọ̀ ń lọ, wọn a de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ wálẹ̀. Àwọn ọmọ wa obìnrin kò gbẹ́yìn nínú eré yìnyín pàápàá: Seun Adigun àti Simidele Adeagbo dúró fún Nàìjíríà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Korea ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n òkè ni àwa ní nílé, a kò ní yìnyín. Mo rò pé òkè náà tó wa í gbádùn, bí a bá mọ èyí tí ó bá ilé wa mu.

Ní ọdún kan, bàbá àwọn ọmọ mi pinnu pé Òbúdú ni a ó lọ. Ibi ẹlẹ́wà ni lóòótọ́. Ó wà ní Ìpínlẹ̀ Cross River, nítòsí ẹnubodè Kamẹrúùnù. Gíga rẹ̀ sí òkun tó nǹkan bí mítà 1,600. Láti ọdún 1951 ni wọ́n sì ti dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀. Òtútù ibẹ̀ ń béèrè súwẹ́tà. Ọkọ mi ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kejì ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀yin abiyamọ sì mọ ohun tí mo ń wí. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ wà lára ohun tí ń ta ìrora rẹ̀ jí. N kò bá ọkọ mi jà. Mo ní kí a jókòó, kí a gbé àwọn òkè náà yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A wo Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Orí òkè náà ni àwọn ará ìlú náà ń gbé láyé àtijọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ. Ó dára fún ọmọ tí eegun rẹ̀ le. Kò yẹ aláboyún tàbí ẹni tí ó pọn ọmọ.

Adó-Àwáyè ni ó kù, ní ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tirẹ̀ náà ju 300 lọ, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ṣe é pín sí méjì. A dé Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kìíní, a ra èso ní ọjà Akẹ̀sán, a sì sùn sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ní ọjọ́ kejì, a kò tètè gun òkè. A dúró kí oòrùn ó lé òtútù lọ díẹ̀. Bàbá gbé ọmọ sẹ́yìn. A kò tíì dé ìdajì nígbà tí ọmọ náà wí pé, “Bàbá, ẹsẹ̀ ń dùn mí.” Ọkọ mi dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a padà.” Àkọ́bí wa bá àbúrò bàbá rẹ̀ àti afinimọ̀nà lọ wo Ìyàkẹ, adágún omi tí ó wà lórí òkè náà, àwa mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Mo fún ọmọ ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi aṣọ bò ó. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ọkọ mi wò mí, ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé Òbúdú ni a wà ńkọ́?” N kò dá a lóhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí ẹ tó yan òkè, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ara rẹ̀ kò le jù nínú ilé. Ẹ bi dókítà yín léèrè. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ibẹ̀. Ẹ rántí pé eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú òkè, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Ẹ di òrí fún ètè, súwẹ́tà, omi púpọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

N kò rí Ìyàkẹ ní ọdún náà. Àkọ́bí mi ròyìn rẹ̀ fún mi títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò rẹ̀ sì sùn fọnfọn lórí ẹsẹ̀ mi. Ìsinmi náà dùn mọ́ mi.